Bí a Ṣe Ń Ka Atẹ́gùn Etíkun Kí Ọkọ̀ Tó Kúrò ní Èbúté

Atẹ́gùn tí wọ́n ń kéde lórí rédíò fún àwọn atukọ̀, atẹ́gùn agbami ni. Èyí tí yóò pàdé yín nígbà tí ilẹ̀ ṣì wà lójú yín, ilẹ̀ náà ti fọwọ́ kàn án. Òkè ti dí i lọ́nà, àfonífojì ti là á sílẹ̀, yanrìn gbígbóná ń fà á wọlé lọ́sàn-án, ilẹ̀ tútù sì ń lé e jáde lóru. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ méjì fi lè wà ní etíkun kan náà, kí wọ́n máa rí ara wọn, kí atẹ́gùn sì máa fẹ́ 8 nọ́ọ̀tì (ìyẹn máìlì òkun 8 ní wákàtí kan) lára ọ̀kan àti 25 lára èkejì.

Àwọn tí mo ń bá sọ̀rọ̀ jù níbí ni àwọn tó ń wa ọkọ̀ kékeré: ọkọ̀ apẹja, ọkọ̀ onígbòkun, ọkọ̀ tó ní ẹ́ńjìnì ẹyọ kan. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kó máa wà lẹ́nu yín ní gbogbo ìgbésẹ̀ tó ń bọ̀ yìí: bí ẹ́ńjìnì bá kú nísinsìnyí, ibo ni atẹ́gùn yìí ń gbé wa lọ?

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wo ilẹ̀ kí ẹ tó wo òkun

Ẹ ṣí máàpù òkun, kí ẹ sì ṣí máàpù ilẹ̀ tó fi gíga òkè hàn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ atukọ̀ kì í wo ti ilẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ atẹ́gùn etíkun wà.

Ẹ wá ibi tí òkè méjì ti fi àlàfo sílẹ̀, tàbí tí àfonífojì odò ti ṣí sí òkun. Atẹ́gùn tó bá wọ ibi tóóró máa ń sáré, ẹnu ibi tó sì ti jáde sí òkun ni yóò ti le jù. Bí ẹ bá ń gba ẹ̀gbẹ́ etíkun kọjá, ẹ lè wà nínú ìdákẹ́jẹ́ fún wákàtí kan, kí ẹ sì bọ́ sí iwájú àfonífojì kan, kí ọkọ̀ dẹ̀gbẹ́ lójijì. Ẹ fi lẹ́ẹ̀dì sàmì sí gbogbo irú ibẹ̀ lórí máàpù kí ẹ tó kúrò nílé.

Ẹ wá ṣóńṣó ilẹ̀ tó yọ sínú òkun. Atẹ́gùn tó yẹ kó gba orí ilẹ̀ náà kọjá ni yóò yí i po, tí yóò sì fún ara rẹ̀ mọ́ra níbi ṣóńṣó náà. Ìṣàn omi náà máa ń le níbẹ̀. Tí ìṣàn omi àti atẹ́gùn bá dojú kọ ara wọn, ìgbì á kúrú, á sì dúró ṣánṣán, èyí tó burú fún ọkọ̀ kékeré ju ìgbì gíga tó gùn lọ. Ẹ fi àyè sílẹ̀, ẹ gba òkèèrè kọjá, tàbí kí ẹ dúró de àkókò tí ìṣàn omi bá yí padà.

Ẹ wo erékùṣù àti ògiri òkúta náà. Ẹ̀yìn erékùṣù tó ga kì í sábà jẹ́ ibi ìsinmi bí ojú ṣe rí i. Atẹ́gùn tó gun orí òkè máa ń já lulẹ̀ ní ìhà kejì, á já bọ́ sórí omi ní gìrì, á sì fọ́n káàkiri. Lábẹ́ ògiri òkúta gan-an, ó lè padà sẹ́yìn kó máa fẹ́ láti ìhà òdìkejì. Ẹni tó ta ìgbòkun sún mọ́ irú ògiri bẹ́ẹ̀ kò ní mọ ìhà tí yóò gbé e sí.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò kà sí: atẹ́gùn tó ń fẹ́ lọ gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etíkun. Ní apá àríwá ayé, ẹ kọ ẹ̀yìn sí atẹ́gùn. Bí ilẹ̀ bá wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín, atẹ́gùn orí ilẹ̀ àti ti orí omi á máa ya pàdé ara wọn, ìwọ̀n máìlì díẹ̀ sí etíkun á sì le ju agbami lọ. Bí ilẹ̀ bá wà lọ́wọ́ òsì, wọ́n á máa ya kúrò lára ara wọn, atẹ́gùn etí ilẹ̀ á sì rọ̀. Ní apá gúúsù ayé, òdìkejì rẹ̀ ni. Ohun tó fà á ni pé orí ilẹ̀ rí gbágungbàgun: ó ń dín eré atẹ́gùn kù, ó sì ń yí ojú rẹ̀ ju bí omi ṣe ń yí i lọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ ohun tí ìsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ ń sọ gan-an

Iye tí wọ́n ń pè fún atẹ́gùn, ìpíndọ́gba ni, ní gíga mítà 10 sókè omi. Ẹ̀fúùfù tó ń ṣẹ́ gìrì láàárín rẹ̀ lè fi ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ju ìpíndọ́gba náà lọ. Bí wọ́n bá pe 20 nọ́ọ̀tì, ẹ múra sílẹ̀ de 28. Ẹ má sì rò pé 8 péré ló fi lé. Agbára atẹ́gùn kì í bá eré rẹ̀ rìn ní dọ́gbadọ́gba: bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára á di ìlọ́po mẹ́rin. Nítorí náà, ẹ̀fúùfù 28 fẹ́rẹ̀ẹ́ ní agbára ìlọ́po méjì ti 20.

Kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò ojú ọjọ́ fún gbogbo ayé máa ń pín ilẹ̀ àti òkun sí àpótí àpótí, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó kìlómítà 9 sí 25. Àfonífojì tó fẹ̀ ní kìlómítà 3 kò sí lójú irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀. Àwòrán aláwọ̀ mèremère tó wà lórí fóònù, inú irú ìṣirò yìí ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá. Ó dára fún mímọ ohun tí agbami ń ṣe. Ṣóńṣó ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ yí po, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa fi máàpù ìgbésẹ̀ kìíní kún un. Ibi tí àjọ ojú ọjọ́ bá ti ń ṣe ìkéde pàtó fún omi etíkun, ẹ fi ìyẹn ṣíwájú. Ibi tí ìkéde NAVTEX (ìkìlọ̀ àti ìròyìn ojú ọjọ́ tí wọ́n ń fi rédíò ránṣẹ́ sórí ọkọ̀ ní kíkọ) bá dé, orí 518 kHz ni ẹ ó ti gbà á.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ fi aago sí i

Lọ́jọ́ tí oòrùn bá ràn dáadáa, tí atẹ́gùn ńlá kò sì sí, ilẹ̀ á gbóná kíákíá, omi kò ní gbóná tó o. Afẹ́fẹ́ orí ilẹ̀ á fúyẹ́, á gòkè, afẹ́fẹ́ tútù láti orí òkun á wá gba ipò rẹ̀. Atẹ́gùn òkun nìyẹn. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín aago 10 sí 12 ọ̀sán, ó máa ń le jù láàárín aago 2 sí 4, á sì rọlẹ̀ bí oòrùn bá ń wọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, 10 sí 15 nọ́ọ̀tì ni. Ní etíkun tí ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ tó sì gbóná gan-an, ó lè ré kọjá 20. Èyí tí wọ́n ń pè ní Fremantle Doctor, létí ìlú Perth ní Ọsirélíà, irú rẹ̀ ni.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ń bọ̀ nìyí. Lówùúrọ̀, atẹ́gùn díẹ̀ tó ń ti ilẹ̀ wá á kú. Omi á dákẹ́ rọ́rọ́, ìgbòkun á rọ̀ jọ̀bọ̀. Ẹ yíjú sí ilẹ̀: ẹ ó rí ìkùukùu funfun kéékèèké tí wọ́n ń hù tẹ̀ léra wọn lókè ilẹ̀, nígbà tí òkè òkun mọ́ kedere. Lẹ́yìn náà ẹ wo ìhà agbami: ìlà dúdú kan á fà gbọọrọ lójú omi, á máa sún mọ́ yín. Ojú omi tí atẹ́gùn ti ń hó ló dúdú bẹ́ẹ̀. Bí ó bá kàn yín, ara yín á tutù díẹ̀, ojú atẹ́gùn á sì ti yí padà pátápátá láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan.

Kò ní dúró sójú kan náà títí ilẹ̀ fi ṣú. Bí ayé ṣe ń yí ń fa ojú rẹ̀ sí ọ̀tún ní apá àríwá ayé, sí òsì ní apá gúúsù. Ẹ mú etíkun tó kọjú sí gúúsù ní apá àríwá ayé: láago 11 atẹ́gùn á máa ti gúúsù gan-an wá, nígbà tó bá fi di aago 4 ó ti ń ti gúúsù ìwọ̀ oòrùn wá. Ẹni tó bá ń fi ìgbòkun rìn tó mọ èyí, yóò yan ọ̀nà tí ìyípadà náà yóò fi ràn án lọ́wọ́ láti padà sílé.

Ibi tó ti ń ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn ní jàǹbá ni pé atẹ́gùn òkun lè gun orí atẹ́gùn mìíràn. Bí ìsọtẹ́lẹ̀ bá sọ pé 12 nọ́ọ̀tì ni, tí ojú kan náà sì ni atẹ́gùn òkun ti ń bọ̀, ọ̀sán lè di 22 tàbí 25 láìjẹ́ pé ìjì kankan wà nítòsí. Bí ẹnu èbúté yín bá kọjú sí òkun, tí òkìtì yanrìn sì wà lẹ́nu ibẹ̀, ẹ ṣírò àkókò tí omi ń fà jáde. Atẹ́gùn òkun ọ̀sán tó pàdé omi tó ń fà jáde lórí òkìtì yanrìn máa ń sọ ẹnu èbúté tó rọ̀ lówùúrọ̀ di ibi tí ìgbì ti ń fọ́. Ẹ wọlé kó tó le, tàbí kí ẹ dúró lóde títí omi yóò fi máa kún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí àárẹ̀ tàbí ẹja tó ń dúró de yìnyín sọ fún yín pé ẹ lè gba àárín rẹ̀. Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru.

Lóru, ọ̀rọ̀ yí padà. Ilẹ̀ á tutù ju omi lọ, afẹ́fẹ́ rẹ̀ á sì máa ṣàn jáde sórí òkun. Atẹ́gùn ilẹ̀ yìí kì í sábà le: 5 sí 10 nọ́ọ̀tì, ìdájí ló máa ń le jù, kì í sì lọ jìnnà ju máìlì òkun mélòó kan lọ. Òun làwọn apẹja onígbòkun fi ń jáde láfẹ̀mọ́júmọ́, tí wọ́n sì ń fi atẹ́gùn òkun ọ̀sán padà wálé. Àmọ́ bí òkè gíga bá wà lẹ́yìn etíkun, pàápàá bí yìnyín bá wà lórí rẹ̀, afẹ́fẹ́ tútù tó wúwo á máa yọ́ wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, 10 á sì di 30 kí ojú tó mọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ béèrè orúkọ atẹ́gùn ibẹ̀

Bí àwọn èèyàn etíkun kan bá sọ atẹ́gùn lórúkọ, ó ti ṣe wọ́n léṣe rí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn apẹja, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó èbúté, ẹ ka ìwé atọ́nà etíkun ibẹ̀. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ béèrè: oṣù wo ló máa ń fẹ́, àmì wo ló ń ṣáájú rẹ̀, èbúté wo ni kì í ṣeé sá sí nígbà tó bá dé.

Bora ní òkun Adriatic máa ń já láti orí òkè wá sí etíkun Kùróátíà àti Trieste ní Ítálì, ẹ̀fúùfù rẹ̀ sì lè ré kọjá 80 nọ́ọ̀tì. Àmì tí àwọn ará ibẹ̀ ń wò ni ìkùukùu funfun tó bo orí òkè Velebit bí fìlà, nígbà tí gbogbo ojú ọ̀run tó kù mọ́. Mistral gba àfonífojì odò Rhône jáde sí Gulf of Lion ní gúúsù Faransé. Meltemi máa ń ti àríwá fẹ́ lórí òkun Aegean, láàárín Gíríìsì àti Tọ́kì, ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì le jù ní oṣù keje àti oṣù kẹjọ. Ohun tó pa gbogbo àwọn wọ̀nyí pọ̀ ni pé ojú ọ̀run lè mọ́ kedere, kí oòrùn máa ràn, kí atẹ́gùn sì máa fọ́ nǹkan. Ẹni tó bá ń dúró de àwọsánmà dúdú kó tó bẹ̀rù, yóò pẹ́ jù.

Ní gúúsù Mẹ́síkò, àlàfo kan wà láàárín àwọn òkè tí wọ́n ń pè ní Chivela. Láti nǹkan bí oṣù kẹwàá sí oṣù kẹrin, afẹ́fẹ́ tútù láti Gulf of Mexico máa ń ya gba ibẹ̀ jáde sórí Gulf of Tehuantepec pẹ̀lú agbára ìjì. Ọgbọ́n àwọn tó máa ń kọjá níbẹ̀ wù mí púpọ̀: wọn kì í gé òkun náà lábùjá, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ gan-an ni wọ́n ń gbà, níbi tí omi ṣì jìn tó fún ọkọ̀. Atẹ́gùn ibẹ̀ le lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tíì rí àyè gbé ìgbì dìde.

Santa Ana ní gúúsù Kalifóníà máa ń ti aṣálẹ̀ wá sí òkun. Èbúté Avalon ní erékùṣù Catalina ṣí sí àríwá ìlà oòrùn. Ó dáàbò bo ọkọ̀ lọ́wọ́ atẹ́gùn ìwọ̀ oòrùn tó wọ́pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n tí Santa Ana bá dé, ojú rẹ̀ gan-an ló ń gbà wọlé. Ní etíkun Sydney, Southerly Buster lè mú kí ooru fi ìwọ̀n 10 lórí Sẹ́ẹ́síọ́ọ̀sì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wálẹ̀ láàárín àkókò díẹ̀, bí atẹ́gùn ṣe ń yí sí gúúsù lójijì. Ọyẹ́ tó ń dé etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà kì í fi agbára ṣẹ́gun ọkọ̀. Eruku rẹ̀ ló ń bo ojú, tí ilẹ̀ á fi pòórá lójú ẹni tó gbójú lé àmì etíkun.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ ya atẹ́gùn tó ń wọlé sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó ń jáde

Atẹ́gùn tó ń ti òkun wọlé máa ń fi ara rẹ̀ hàn. Ìgbì á pọ̀, ariwo á pọ̀, olúkúlùkù á sì rí ewu rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnì bá kú, ó ń gbé yín lọ sórí òkúta, nítorí náà ìdákọ̀ró gbọ́dọ̀ wà lórí ọkọ̀ tí ẹ ti múra rẹ̀ sílẹ̀, kì í ṣe kó wà nísàlẹ̀ àpótí lábẹ́ àwọ̀n.

Èyí tó ń ti ilẹ̀ jáde ni mo bẹ̀rù jù fún ọkọ̀ kékeré. Bí ẹ bá dúró ní etí omi, ẹ ó rí omi tó tẹ́ pẹrẹsẹ, nítorí pé atẹ́gùn kò tíì rí àyè gbé ìgbì. Ìfófòó funfun orí ìgbì, tí a fi ń mọ agbára atẹ́gùn, kò ní sí. Lójú agbami, nǹkan bí 11 sí 16 nọ́ọ̀tì ni ìfófòó náà ti máa ń pọ̀. Nínú atẹ́gùn tó ń jáde, 20 lè máa fẹ́ kí etí omi má fi nǹkan kan hàn. Ọkọ̀ á jáde wẹ́rẹ́, á máa yá lọ, ìgbì á máa ga díẹ̀díẹ̀ bí ilẹ̀ ṣe ń jìnnà.

Ìṣirò kan nìyí tí ó yẹ kí gbogbo atukọ̀ máa ṣe. Bí atẹ́gùn bá jẹ́ 20 nọ́ọ̀tì, tí ẹ sì ń bá a rìn ní 6, 14 péré ni yóò máa kàn yín lẹ́yìn. Ara yín á balẹ̀. Nígbà tí ẹ bá yíjú padà sílé pẹ̀lú eré 6 kan náà, 26 ni yóò máa kàn yín lójú, agbára rẹ̀ sì ju ìlọ́po mẹ́ta ti ìṣáájú lọ, pẹ̀lú ìgbì tó ń fọ́ sínú ọkọ̀. Epo tí ẹ fi jáde kò ní tó fún àtipadà. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí atẹ́gùn bá ń jáde, ẹ yí ọkọ̀ dojú kọ ọ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ láti mọ agbára rẹ̀ gan-an, ẹ sì pa ìdá méjì nínú mẹ́ta epo yín mọ́ fún àbọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ ṣọ́ ọ nígbà tí ẹ bá ti wà lójú omi

Ẹ wo èéfín, àsíá, àti orí igi létí ilẹ̀. Ẹ wo ọkọ̀ tó wà níwájú yín, bí ó ṣe dẹ̀gbẹ́ àti ìhà tó kọjú sí. Bí wọ́n ṣe ń yí, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yin náà máa tó yí.

Bí bàrómítà, irinṣẹ́ tó ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹ ilẹ̀, bá wà lórí ọkọ̀, ẹ máa kọ ohun tó ń sọ sílẹ̀ ní wákàtí wákàtí. Bí ó bá fi ju 3.6 hPa (ìwọ̀n tí bàrómítà ń lò) wálẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́ta, ó ń yára, ó sì yẹ kí ẹ ti máa wá èbúté. Ní ilẹ̀ olóoru, ẹ rántí pé bàrómítà ní ìrìn tirẹ̀ lójoojúmọ́: ó máa ń ga ní nǹkan bí aago 10 àárọ̀ àti aago 10 alẹ́, ó sì máa ń wálẹ̀ ní nǹkan bí aago 4 ìrọ̀lẹ́ àti aago 4 ìdájí. Bí ó bá kọ̀ láti tẹ̀ lé ìrìn yìí, ìkìlọ̀ nìyẹn, bí ìyàtọ̀ náà tilẹ̀ kéré.

Ìjì ààrá ní tirẹ̀ kì í dúró de bàrómítà. Bí ìkùukùu ńlá bá ga sókè, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ dúdú, tí atẹ́gùn tó ń fẹ́ tẹ́lẹ̀ sì kú lójijì, ẹ̀fúùfù tútù ni yóò kọ́kọ́ tibẹ̀ jáde, kí òjò tó tẹ̀ lé e. Ní etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ìhà ìlà oòrùn ni irú ìjì bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ti wá, láti orí ilẹ̀, kì í ṣe láti agbami. Ẹ ká ìgbòkun kù kó tó dé, kí gbogbo ènìyàn wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì, kí ẹ ti ìlẹ̀kùn àti fèrèsé ọkọ̀ pa. Ẹ jẹ́ kí rédíò VHF, rédíò ìbánisọ̀rọ̀ orí ọkọ̀, wà lórí chánẹ́ẹ̀lì 16, èyí tí a fi ń ké pe ìrànlọ́wọ́.

Kí ẹ tó kúrò ní èbúté ni kí ẹ ti fẹnu kò lórí iye tí yóò mú yín padà, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀: bí àpẹẹrẹ, 18 nọ́ọ̀tì tàbí ìfófòó funfun níbi gbogbo. Ìpinnu tí a bá fi sílẹ̀ di ojú omi, owó epo àti ìtìjú ni wọ́n máa ń ṣe é fún wa.

Ìgbésẹ̀ keje: ìdákọ̀ró alẹ́

Ibi tí ọkọ̀ bá ti fẹ́ sùn, atẹ́gùn méjì ni kí ẹ rò fún un. Bí ẹ bá dá ọkọ̀ ró ní aago 5 ìrọ̀lẹ́, atẹ́gùn òkun á ti ìdí ọkọ̀ sí ìhà ilẹ̀. Ní ìdájí, atẹ́gùn ilẹ̀ á yí i po, ìdí ọkọ̀ á wá kọjú sí agbami. Ìdákọ̀ró lè tú nílẹ̀ nígbà ìyípadà yìí, ọkọ̀ sì lè gbá ti aládùúgbò.

Ẹ wọn jíjìn omi, ẹ fi iye tí omi yóò kún sí i kún un, ẹ fi gíga iwájú ọkọ̀ kún un pẹ̀lú. Bí omi bá jìn ní mítà 5, tí yóò kún ní 2, tí iwájú ọkọ̀ sì ga ní 1, mítà 8 ni. Fún okùn, ẹ ta ìlọ́po méje rẹ̀, mítà 56. Fún ṣéènì, ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún. Lẹ́yìn náà ẹ fojú inú fa òbìríkítí tí ọkọ̀ yóò fi yí po ìdákọ̀ró, kí òkúta, omi tí kò jìn, tàbí ọkọ̀ mìíràn má sì sí nínú rẹ̀ ní ìhà kankan. Ẹ fi ẹ́ńjìnì fà á sẹ́yìn láti mọ̀ bóyá ó di ilẹ̀ mú. Ẹ wo àmì méjì lórí ilẹ̀ tó tò sẹ́yìn ara wọn, kí ẹ yan èyí tó ní iná tí yóò hàn lóru. Ẹ fi aago tó ń dún sí 3 ìdájí, ẹ dìde, ẹ tún wò wọ́n.